Ìlú aṣálẹ̀ tuntun wo lẹlẹ́sẹ̀ lè gbé? Mo fi Masdar, Msheireb, Culdesac àti olú ìlú tuntun Íjíbítì wé ara wọn

Nígbà tí mo ń gbé ní Emirates, mo máa ń rí súpámákẹ́ẹ̀tì kan kedere láti fèrèsé ilé ìdáná wa, mo lè ka orúkọ tí wọ́n kọ sára ògiri ẹ̀, mo ń rí àwọn èèyàn tó ń ti kẹ̀kẹ́ ẹrù jáde níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá wọ̀n ọ́n lórí máàpù, kò ju mítà 300 lọ. Àmọ́ títì tí mọ́tò mẹ́jọ lè tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ló wà láàrin àwa àti ẹ̀, wọ́n fi irin ṣe ọgbà sáàárín títì náà kẹ́nikẹ́ni má baà sọdá, bíríìjì ẹlẹ́sẹ̀ tó sún mọ́ wa jù sì wà lọ́hùn-ún, tó fi jẹ́ pé tí mo bá fẹ́ fẹsẹ̀ lọ ra búrẹ́dì, kìlómítà 2.3 ni mo máa rìn ní àlọ nìkan, nínú oòrùn tó ń jó èèyàn látòkè tó tún ń jó o látilẹ̀. Táàsì ni mo ń wọ̀ lọ ra búrẹ́dì.

Nígbà tí màmá mi wá láti Ìbàdàn, wọ́n wá bá wa wẹ ọmọ tuntun, orúnkún ti ń dùn wọ́n nígbà yẹn. Ọjọ́ kejì tí wọ́n dé, wọ́n dúró ní fèrèsé yẹn, wọ́n ní, "Ṣebí ọjà nìyẹn, jẹ́ n lọ ra ata wá." Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ Màámi, ẹ ò lè débẹ̀." Wọ́n wò mí títí. Wọ́n wá ní, "Ta ló kọ́lé síbi téèyàn ti ń rí ọjà tí ò lè dé ọjà?"

Mi ò rí èsì fún wọn. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń wo bí wọ́n ṣe ń ya títì nínú àwọn ìlú tuntun tí wọ́n ń kọ́ sínú aṣálẹ̀, mo ń ka máàpù wọn, mo ń fẹsẹ̀ rìn níbi tí mo bá lè dé, nítorí àwọn èèyàn wa pọ̀ tó ń ríṣẹ́ lọ sí Gulf tàbí Arizona tó jẹ́ pé àwòrán tí agent fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp ni wọ́n fi ń gba ilé, kò sẹ́ni tó sọ fún wọn pé wọn ò ní lè rìn jáde. Àwọn ni mo kọ èyí fún, pàápàá ẹni tí ò ní mọ́tò, ẹni tó lọ́mọ tó ń fi kẹ̀kẹ́ ọmọ tì, ẹni tí òbí ẹ̀ máa wá kí i, àti ẹni tó ń lo wheelchair.

Ohun tẹ́ ẹ máa wò ṣáájú owó ilé

Bí títì bá ṣe fẹ̀ tó ló ń pinnu gbogbo nǹkan yòókù. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń rò pé ooru nìkan ni wàhálà ìlú aṣálẹ̀, pé kò sóhun tẹ́nikẹ́ni lè ṣe sí i, kálukú kàn máa wọ mọ́tò tó ní AC ni. Irọ́ ni jàre. Àwọn èèyàn ti ń gbé nínú aṣálẹ̀ fún ẹgbẹ̀rún ọdún mélòó kan, ẹsẹ̀ ni wọ́n sì ń lò. Ẹ wo Ghadames ní Líbíà, tí UNESCO fi sára ogún àgbáyé lọ́dún 1986, òrùlé ni wọ́n fi bo àwọn ọ̀nà inú ìlú àtijọ́ náà, èèyàn á rìn láti ilé dé mọ́sáláṣí láì rí oòrùn sójú, àwọn obìnrin sì ní ọ̀nà tiwọn lórí òrùlé. Wọn ò fi iná mànàmáná kankan ṣe é. Wọ́n kàn jẹ́ kí ọ̀nà há, wọ́n jẹ́ kí ilé sún mọ́ra.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kékeré. Ilé alájà mẹ́ta máa ga tó bíi mítà 10. Nígbà tí oòrùn bá wà ní ìdajì ọ̀nà láàrin ilẹ̀ àti òkè orí, ìyẹn 45°, òjìji ilé yẹn máa gùn tó mítà 10 náà. Tó bá jẹ́ pé ọ̀nà tó wà níbi tí òjìji ń bọ́ sí ò fẹ̀ ju mítà 6 lọ, gbogbo ọ̀nà náà ti wà lábẹ́ ibòji, ẹ lè dúró níbẹ̀ kẹ́ ẹ máa tàkúrọ̀sọ. Tọ́nà bá wá jẹ́ mítà 40, ìdá kan nínú mẹ́rin nìkan ni òjìji máa bò, ìyókù ń jóná, ọ̀dà tí wọ́n fi tẹ́ ẹ sì ń gba ooru yẹn pamọ́ tó fi jẹ́ pé lálẹ́ náà ó ṣì ń tú u jáde sí yín lẹ́sẹ̀. Ìyẹn ni pé títì tó fẹ̀ ti jẹ ibòji run ná.

Ó tún máa jẹ àsìkò yín. Ojú ọ̀nà mọ́tò kan máa ń tó bíi mítà 3.6, tó bá jẹ́ mẹ́jọ, ó ti di mítà 29. Ẹni tára ẹ̀ le, tó ń rin mítà 1.2 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, á sọdá láàrin ìṣẹ́jú àáyá 24. Màmá mi ò rìn ju bíi mítà 0.7 lọ, ìṣẹ́jú àáyá 41 nìyẹn, iná ti máa yí padà kí wọ́n tó dé òdìkejì. Ohun kẹta ló burú jù lójú tèmi: tí títì bá ti fẹ̀ báyìí, àwọn tó ń ya ìlú ò ní fẹ́ kí oríta pọ̀ lórí ẹ̀, kí mọ́tò lè máa sáré lọ, torí náà wọ́n á gé ilẹ̀ sí búlọ́ọ̀kù ńláńlá, wọ́n á mọ ògiri yí ẹ̀sítéètì ká, gẹ́tì kan tàbí méjì péré, ibi téèyàn á ti sọdá á wá jìnnà síra. Bó ṣe di pé mítà 300 di kìlómítà 2.3 nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá pín in, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́jọ. Ní tèmi o, ibi tí ìrìn gidi bá ti ju ìlọ́po kan àtààbọ̀ ọ̀nà tààrà lọ, mi ò ní gbé ibẹ̀ láì ní mọ́tò.

Àwọn ìjọba náà mọ bí oòrùn yẹn ṣe rí o. Ní UAE, ìyẹn Emirates, láti June 15 dé September 15, òfin ò gbà kí wọ́n kó òṣìṣẹ́ sábẹ́ oòrùn láàrin 12:30 sí 3:00 ọ̀sán. Ní Qatar ó le ju ìyẹn lọ, láti June 1 dé September 15, 10:00 àárọ̀ sí 3:30 ọ̀sán. Tí oòrùn bá burú tó báyìí fún bíríkìlà tára ẹ̀ le, ó yẹ kẹ́ni tó ń ya ọ̀nà rántí aláboyún tó ń rìn lọ síbi tó ti máa wọ bọ́ọ̀sì.

Masdar City, Abu Dhabi

Òun ni gbogbo èèyàn kọ́kọ́ ń dárúkọ. Wọ́n kéde ẹ̀ lọ́dún 2006, wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 2008, iléeṣẹ́ Foster + Partners ló ya á, ilẹ̀ ẹ̀ tó bíi hẹ́kítà 600, ó wà nítòsí pápákọ̀ òfurufú, ó jìnnà sí àárín Abu Dhabi. Ohun tí wọ́n ṣe níbẹ̀ dáa gan an: wọn ò jẹ́ kí àwọn ọ̀nà kọjú sí ìlà oòrùn tààrà, wọ́n dọ́gbọ́n yí i kí ògiri apá kan lè máa ṣíji bo ọ̀nà jálẹ̀ ọ̀pọ̀ wákàtí ọjọ́, wọ́n jẹ́ kọ́nà há, wọ́n jẹ́ kí àjà òkè yọ síta lórí ọ̀nà, wọ́n sì gbé ilé ìṣọ́ afẹ́fẹ́ kan dúró tó ga tó mítà 45 tó ń fa atẹ́gùn òkè wá sísàlẹ̀ sí gbàgede. Tẹ́ ẹ bá ti ibi ìgbọ́kọ̀sí wọlé sáàárín àwọn ilé tí wọ́n kọ́kọ́ kọ́ níbẹ̀, ara yín á mọ̀ ọ́n lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, bí ìgbà téèyàn bá ti ìta gbangba wọ abẹ́ igi ọdán. Mo dúró síbẹ̀, mo gbé ọwọ́ lé ògiri, ògiri ò gbóná. Ní ìta, ìlẹ̀kùn mọ́tò ò ṣeé fọwọ́ kàn.

Ètò tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ni pé wọ́n máa gbé gbogbo ìlú sókè sórí pèpéle, ẹlẹ́sẹ̀ á máa rìn lókè, àwọn mọ́tò kékeré tó ń wa ara wọn á máa sáré nísàlẹ̀. Owó ayé dojú rú lọ́dún 2008, wọ́n pa pèpéle tì. Mọ́tò aládàáṣe 10 péré ni wọ́n fi gbé èrò lọ́dún 2010, láàrin ibùdó méjì, ibẹ̀ náà ló parí sí. Wọ́n ní 2016 ni ìlú á parí, ó di 2030. Àwọn èèyàn máa ń fi ìyẹn ṣe yẹ̀yẹ́, èmi ò bá wọn ṣe é, torí ohun tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ni ohun tó rọrùn jù, tí ò ná wọn ní mọ́tò aládàáṣe kankan: ọ̀nà tó há, ògiri tó ṣíji bò ó.

Àléébù tèmi sí Masdar ò sí nínú ìlú, etí ìlú ló wà. Ẹ máa gbádùn ẹsẹ̀ yín nínú apá tí wọ́n kọ́kọ́ kọ́ yẹn, àmọ́ tẹ́ ẹ bá jáde síta, títì Abu Dhabi ló máa pàdé yín, fífẹ̀ bí odò. Kò sí métrò. Bọ́ọ̀sì àti táàsì ni. Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ nínú Masdar gan an, tàbí tó ń kàwé ní yunifásítì tó wà níbẹ̀, ó lè gbé ibẹ̀ láì ní mọ́tò. Ẹni tíṣẹ́ ẹ̀ wà láàrin ìlú, ojoojúmọ́ lá máa dúró de bọ́ọ̀sì.

Msheireb, Doha ní Qatar

Tí mo bá gbé Msheireb sẹ́gbẹ̀ẹ́ Masdar, Msheireb ló borí lójú mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé hẹ́kítà 31 péré ni, bíi ìdá kan nínú ogún Masdar. Nínú Doha gan an ló wà, wọn ò gbé e lọ sínú iyanrìn. Ilé tó ju 100 lọ, abẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n ń gbé mọ́tò sí, àyè ìgbọ́kọ̀sí tó ju 10,000 lọ ni wọ́n wa sísàlẹ̀, torí náà ọ̀pọ̀ orí ilẹ̀ di tẹlẹ́sẹ̀. Àwọn ọ̀nà há bíi ti Masdar, ilé tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn tí ò sí àlàfo, ọ̀nà kan wà tí òpó àti òrùlé wà létí ẹ̀ téèyàn lè máa rìn lábẹ́ ẹ̀, gbàgede ńlá tí wọ́n ń pè ní Barahat ní òrùlé tó ń ṣí tó ń pa dé. Tíráàmù ọ̀fẹ́ kan ń yí ibẹ̀ ká, ibi mẹ́sàn-án ló ti ń dúró, ó ń gba Al Kahraba kọjá, ọ̀nà tó jẹ́ pé ibẹ̀ ni iná mànàmáná ti kọ́kọ́ tàn ní Doha láyé àtijọ́, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é bẹ́ẹ̀, torí kahraba ni iná mànàmáná ní èdè Lárúbáwá.

Ohun tó jẹ́ kí n gbé e ga ju Masdar lọ ni ibùdó métrò. Ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta métrò Doha, pupa, ewéko àti wúrà, abẹ́ Msheireb ni wọ́n ti pàdé, 2 riyal ni wọ́n ń wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, lífìtì wà, ilẹ̀ tẹ́jú, ẹni tó ń ti kẹ̀kẹ́ ọmọ lè ti ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀ dé pápákọ̀ òfurufú láì gun àtẹ̀gùn kan. Ẹ tún lè fẹsẹ̀ rìn lọ sí Souq Waqif, ọjà àtijọ́ tí wọ́n ti ń ta tùràrí, aṣọ àti ẹyẹ. Ìyẹn ni ìyàtọ̀ tó wà láàrin méjèèjì. Masdar dá ìlú ẹlẹ́sẹ̀ sílẹ̀, ó wá gbé e lọ síbi tí ò sí nǹkan mìíràn tẹ́sẹ̀ lè dé. Msheireb so ẹsẹ̀ mọ́ ìyókù ìlú.

Ẹ gbọ́ èyí náà o, kì í ṣe gbogbo nǹkan ló dùn nínú ìtàn Msheireb. Àdúgbò ibi táwọn òṣìṣẹ́ àlejò pọ̀ sí ni tẹ́lẹ̀, ilé olówó pọ́ọ́kú, wọ́n wó o, àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ò lè san owó ilé tuntun tí wọ́n kọ́. Àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn jù lọ ní Doha ni wọ́n lé kúrò níbi tó dáa jù láti fẹsẹ̀ rìn. Ó ń dùn mí tí mo bá rántí. Tí agbára yín ò bá gbé owó ilé ibẹ̀, ẹ wá ilé sítòsí ibùdó métrò mìíràn, kẹ́ ẹ wọ̀n ọ́n pẹ̀lú ẹsẹ̀ yín, kó má ju mítà 400 lọ.

Culdesac, Tempe ní Arizona

Fún àwọn tiwa tó wà ní Amẹ́ríkà nìyí. Ẹ̀gbẹ́ Phoenix ni Tempe wà, Phoenix ọ̀hún sì ni ìlú tí wọ́n fi mọ́tò ronú látìbẹ̀rẹ̀: títì ńlá kan ní gbogbo máìlì kan, ìyẹn kìlómítà 1.6, lóròó àti níbùú, bí ìlà ìwé ìṣirò. Lọ́dún 2023, ooru ibẹ̀ dé 43°C tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ọjọ́ 31 léraléra, ìjọba Maricopa County sì ka òkú 645 tí ooru lọ́wọ́ sí ikú wọn lọ́dún yẹn nìkan. Ọ̀dà títì máa ń gbóná kọjá 70°C, ẹni tó bá ṣubú lórí ẹ̀ tí ò tètè dìde, iná ló jó o yẹn, ilé ìwòsàn ni wọ́n máa gbé e lọ.

Àárín gbogbo ìyẹn ni wọ́n kọ́ Culdesac sí, éékà 17, àwọn ayálégbé àkọ́kọ́ wọlé lọ́dún 2023, nǹkan bí 1,000 èèyàn ni wọ́n ń retí tó bá parí. Ayálégbé ò gbọ́dọ̀ gbé mọ́tò síbẹ̀, ó wà nínú ìwé ilé tí wọ́n ń fọwọ́ sí, àyè díẹ̀ wà fún àlejò àtẹni tó wá rajà. Kò sí ọ̀dà nínú ẹ̀ rárá. Ilé funfun alájà méjì, alájà mẹ́ta, tí wọ́n fún pọ̀ mọ́ra, ọ̀nà tóóró láàrin wọn, igi, ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ, ibi tí wọ́n ti ń jẹun, ọkọ̀ ojú irin Valley Metro sì ń dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń fún ayálégbé ní pásì ẹ̀.

Mo fẹ́ràn ẹ̀. Mo fẹ́ràn pé kò sí ògiri, kò sí gẹ́tì, aládùúgbò lè wọlé wá rajà. Àmọ́ erékùṣù kékeré ni. Tí ọ̀rẹ́ yín bá wà ní Chandler, tí ṣọ́ọ̀ṣì yín bá wà níbi tí ọkọ̀ ojú irin ò dé, ẹ máa jáde sí títì onímáìlì kan-máìlì kan yẹn, níbi tó jẹ́ pé ẹ lè rin mítà 400 kẹ́ ẹ tó ríná téèyàn lè sọdá sí, kẹ́ ẹ sì padà rin 400 mìíràn lódìkejì torí pé iwájú ilé yín gan an lẹ̀ ń lọ. Ẹni tó jẹ́ ọ̀dọ́, tó ń ṣiṣẹ́ létí ọ̀nà ojú irin tàbí tó ń kàwé ní yunifásítì Arizona State tó wà ní Tempe náà, kó lọ gbé ibẹ̀ lọ́lá. Ẹni tó lọ́mọ mẹ́ta níléèwé mẹ́ta, á sú u.

Olú ìlú tuntun Íjíbítì

Mi ò ní pẹ́ lórí èyí. Wọ́n kéde ẹ̀ ní March 2015, ó wà ní nǹkan bí kìlómítà 45 sí ìlà oòrùn Káírò, wọ́n ní èèyàn mílíọ̀nù 6.5 ló máa gbà, ilé tó ga tó mítà 394 wà níbẹ̀. Gbogbo nǹkan ibẹ̀ ni wọ́n fi wọ̀n bí ẹni tó wà nínú mọ́tò tàbí hẹlikópítà: títì tó fẹ̀ bí pápá, gbàgede tí ẹ ò ní rí òpin ẹ̀, ilé ìjọba tó jìnnà síra, àwọn igi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn tí òjìji wọn ò tíì tó bo ajá. Ọkọ̀ ojú irin kan tó bẹ̀rẹ̀ ní July 2022 ń ti ibùdó Adly Mansour ní Káírò lọ síhà ibẹ̀, ó dáa, àmọ́ tẹ́ ẹ bá sọ̀ kalẹ̀, báwo lẹ ṣe máa dé ọ́fíìsì? Ẹ tún máa wọ nǹkan mìíràn.

Ohun tó ń dùn mí jù ni pé Káírò gan an mọ̀ ọ́n ṣe. Ìlú táwọn ọba Fatimid dá sílẹ̀ lọ́dún 969, àwọn ọ̀nà ẹ̀ há, ògiri ẹ̀ ga, òpópónà al-Muizz ṣì wà títí dòní tẹ́lẹ́sẹ̀ ń rìn níbẹ̀ tọ̀sán tòru. Ẹgbẹ̀rún ọdún ni wọ́n fi ní i lọ́wọ́, kìlómítà 45 péré ni wọ́n lọ tí wọ́n sì gbàgbé ẹ̀. Ẹni tó bá máa gbé ibẹ̀, kó ra mọ́tò.

The Line ńkọ́?

Ẹ máa ń bi mí, torí fídíò ẹ̀ pọ̀. January 2021 ni Saudi kéde ẹ̀, ètò tí wọ́n wá gbé jáde lọ́dún 2022 nìyí: ìlú tó gùn ní kìlómítà 170, tó fẹ̀ ní mítà 200, èèyàn mílíọ̀nù 9, kò sí títì, kò sí mọ́tò, gbogbo ohun téèyàn nílò ní ìrìn ìṣẹ́jú márùn-ún. Ó dùn létí. Àmọ́ ẹ wo ìrísí ẹ̀ ná: tẹ́ ẹ bá tẹ́ èèyàn sórí ìlà kan ṣoṣo báyẹn, tẹ́ ẹ mú ẹni méjì níbikíbi, kìlómítà 57 ló máa wà láàrin wọn tẹ́ ẹ bá ṣe é ní ìpíndọ́gba. Àwọn olùṣèwádìí méjì kan láti Vienna kọ ọ́ síta lọ́dún 2023, wọ́n ní tí wọ́n bá ká ilẹ̀ kan náà yẹn róbótó, láti àárín dé etí ò ní ju kìlómítà 3.3 lọ, ẹni méjì á sì jìnnà síra ní bíi kìlómítà 2.9. Ìyẹn ni pé ẹsẹ̀ àti kẹ̀kẹ́ á tó. Èèyàn ò kàn ń rìn lọ ra búrẹ́dì nìkan, ó ń lọ síbi iṣẹ́, ó ń lọ kí àbúrò ẹ̀, ó ń lọ sóde. Mi ò fi sínú àwọn tẹ́ ẹ lè yàn, kò tíì sí ilé téèyàn lè gbà níbẹ̀.

Dubai, tuntun àti àtijọ́

Dubai ò ṣeé fò dá, torí ibẹ̀ làwọn tiwa pọ̀ sí. Apá tuntun ni Sheikh Zayed Road là kọjá, títì tó ju ojú ọ̀nà mọ́tò 12 lọ níbòmíràn. Àtìgbà tí métrò ti bẹ̀rẹ̀ ní September 9, 2009, bíríìjì ibùdó ẹ̀ tó ní AC ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbà sọdá níbẹ̀, ẹni tó bá sọdá níbi tí ò yẹ, 400 dirham ni fáìnì tí mo bá níbẹ̀, òfin tuntun tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 2025 sì tún le ju ìyẹn lọ. Bíríìjì yẹn wúlò, mi ò ní purọ́, èyí tó lọ sí Dubai Mall gùn ní mítà 820 tó sì tutù látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Àmọ́ lífìtì ni ẹ̀mí bíríìjì. Mo mú màmá mi lọ síbi bíríìjì kan lẹ́ẹ̀kan ní àdúgbò wa, lífìtì ti kú, àtẹ̀gùn 42 ni mo kà bí wọ́n ṣe ń gùn ún, ọwọ́ wọn lórí irin, irin gbóná, wọ́n bọ́ ìborùn wọn wọ́n fi di irin náà mú. Wọ́n dé òkè, wọ́n jókòó sílẹ̀. Wọn ò jáde mọ́ títí wọ́n fi padà sílé àfi tí mo bá pe táàsì.

Ìjọba Dubai fúnra wọn ti rí i. Ní December 2024 wọ́n kéde ètò kan tí wọ́n pè ní Dubai Walk, kìlómítà 6,500 ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, bíríìjì àti ọ̀nà abẹ́ ilẹ̀ 110, wọ́n fẹ́ kí ìrìn ẹsẹ̀ àti irú ẹ̀ kúrò ní 13% nínú gbogbo ìrìnnà kó di 25% nígbà tó bá fi máa di 2040. Mo gbàdúrà pé kó rí bẹ́ẹ̀. Àmọ́ tó bá jẹ́ bíríìjì nìkan ni wọ́n ń fi kún un tí títì ò dín ní fífẹ̀, àtẹ̀gùn la tún máa máa gùn.

Apá àtijọ́ ló yàtọ̀. Àwọn oníṣòwò wa tó ń lọ kó ọjà ní Dubai mọ Deira dáadáa, wọ́n mọ Naif. Búlọ́ọ̀kù ibẹ̀ kéré, oríta pọ̀, ilé fún pọ̀ mọ́ra, gírósárì kékeré wà lábẹ́ ọ̀pọ̀ ilé, métrò wà. Kò lẹ́wà bíi ti àwọn ilé onígíláàsì, ariwo wà, ilé ẹ̀ ti gbó, ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ ibẹ̀ máa ń fọ́ níbòmíràn tí táyà wheelchair á fi há. Ìyẹn ni mo máa kìlọ̀ fún aláìlera. Àmọ́ fún ẹni tẹ́sẹ̀ ẹ̀ ń gbé e, Deira dáa ju ọ̀pọ̀ ẹ̀sítéètì tuntun lọ, owó ẹ̀ sì kéré.

Èwo lẹ máa wá mú?

Tẹ́ ẹ bá ń lo wheelchair tàbí òbí yín àgbà ń bọ̀, Msheireb ni mo máa kọ́kọ́ mú, torí ilẹ̀ tó tẹ́jú àti lífìtì métrò. Tówó ò bá tó, ilé tó sún mọ́ ibùdó métrò mìíràn ní Doha, ní ìhà ibi tí ẹnu ọ̀nà ibùdó wà o, kì í ṣe lódìkejì títì. Tẹ́ ẹ jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tàbí onímọ̀ ẹ̀rọ tíṣẹ́ ẹ̀ wà nínú Masdar, ẹ gbé Masdar. Amẹ́ríkà ni, tí ìwọ àti ìyàwó nìkan sì ni, Culdesac. Tó bá jẹ́ owó lẹ̀ ń wá kó jọ tẹ́ ẹ fẹ́ máa ránṣẹ́ sílé, Deira. Tí iléeṣẹ́ bá gbé yín lọ sí olú ìlú tuntun Íjíbítì, ẹ bi wọ́n nípa mọ́tò kẹ́ ẹ tó fọwọ́ síwèé.

Ibikíbi tẹ́ ẹ bá fẹ́ mú, ẹ ṣí Google Maps, ẹ tẹ àmì ẹlẹ́sẹ̀, ẹ má tẹ ti mọ́tò, kẹ́ ẹ wọ̀n ọ́n láti ẹnu ọ̀nà ilé dé ibi tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ, dé bọ́ọ̀sì, dé iléèwé ọmọ. Kẹ́ ẹ tún wọn ọ̀nà tààrà, kẹ́ ẹ fi ọ̀nà tààrà pín ti ẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wo àwòrán satẹlaiti, níbi tí òjìji bá ti dúdú lórí ọ̀nà, ibẹ̀ lẹ lè rìn. Tí agent bá ní ìṣẹ́jú márùn-ún péré ni sí ọjà, ẹ bi í pé ìṣẹ́jú márùn-ún ẹsẹ̀ ni àbí ti mọ́tò. Tẹ́ ẹ bá lẹ́nikẹ́ni níbẹ̀, ẹ bẹ̀ ẹ́ kó rìn ín fún yín ní August, ní aago méjì ọ̀sán, kó ya fídíò ẹ̀, láì dúró, látilé dé ọjà.

Èmi ti kó kúrò nílé onífèrèsé yẹn. Deira ni mo kó lọ, àjà kejì, gírósárì kan wà nísàlẹ̀, òmíràn wà lódìkejì ọ̀nà tóóró. Nígbà tí màmá mi tún wá lẹ́ẹ̀kejì, mo ṣì ń sùn lọ́wọ́ láàárọ̀ ọjọ́ kẹta tí mo gbọ́ tílẹ̀kùn ṣí. Wọ́n ti lọ ra ata wọn.